Lẹ́ńsì Gígùn Tí Mo Fi Gba Oko Lọ́wọ́ Opó

Mi ò jalè rí láyé mi. Mi ò gba ìyàwó oníyàwó rí. Ṣùgbọ́n mo fi kámẹ́rà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ opó tó ń pè mí lọ́mọ, mi ò sì pa irọ́ kankan kí n tó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ tó wá bú mi dáadáa.

Sódìq lorúkọ mi. Sódìq Fótò ni gbogbo Ọ̀fà mọ̀ mí sí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ilé ìdúró rélùwéè. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, fótò pélébé fún ìwé ìrìnnà, iṣẹ́ mi nìyẹn. Àmọ́ láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹyẹ ló gbà mí lọ́kàn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sherifat ìyàwó mi ti bá yín rẹ́rìn-ín tó. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń lé ọmọge kiri," á ní, "ìwọ ń lé lékeléke."

Ẹni tó kó o ràn mí ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga, ọmọ Èkìtì kan tó ń kọ́ni ní pólì. Ó wá tẹ àwòrán lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, àwòrán ẹyẹ àkókó tó ń gbẹ́ igi. Mo rí ìyẹ́ orí ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ẹyinjú ẹ̀. Ẹnu yà mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe sún mọ́ ọn tó báyìí?"

Ó ní, "Mi ò sún mọ́ ọn. Lẹ́ńsì ló sún mọ́ ọn."

Àbí ẹ ò rí ọ̀rọ̀! Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn mọ́. Mo wá ibi tí ẹyẹ wà kiri, àfìgbà tí mo dé oko Màmá Hikmat lójú ọ̀nà Òjòkú. Asiata lorúkọ màmá yìí, opó ni. Hikmat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Màmá nìkan ló ń dá oko tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ ro, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo.

Oko náà àti ilẹ̀ ìdílé tiwa ló pààlà. Pèrègún làwọn bàbá wa gbìn sójú ààlà. Kí ọkọ Màmá tó kú, ó kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe ro ilẹ̀ dé ìdí pèrègún. Kó fi àlàfo sílẹ̀, kó jẹ́ kí koríko hù síbẹ̀, kí ọkọ́ tiwọn àti ọkọ́ tiwa má baà pàdé débi ìjà. Màmá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú koríko yẹn làwọn àparò fi ṣe ilé.

Màmá ò lé mi rí. Tó bá ti rí mi pẹ̀lú kámẹ́rà, á ní, "Jókòó síbi tí ibòji wà, ọmọ mi, kóòrùn má pa ọ́." Nígbà míì á sun àgbàdo, á já a sí méjì, á fún mi ní èyí tó gùn.

Ìṣòro mi ni lẹ́ńsì. Mílímítà ni wọ́n fi ń ka gígùn lẹ́ńsì. Èyí tí mo fi ń ya ìgbéyàwó kò ju igba lọ. Tí mo bá fi ya ẹyẹ lórí igi, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ìdọ̀tí bà sójú àwòrán. Tí mo bá sún mọ́ ọn, á fò lọ.

Mo gbéra, mo lọ bá Olúgbénga nílé. Mo ti pinnu pé kámẹ́rà tuntun ni mo nílò, àwọn tó lòde báyìí tí kò ní díńgí nínú, tí kì í dún tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, tó ń fúnra ẹ̀ wá ojú ẹyẹ rí.

Ó rẹ́rìn-ín mi. "Sódìq, má tíì lọ ra bódì. Lẹ́ńsì ni kó o kọ́kọ́ wá. Bódì kámẹ́rà á di àlòkù lọ́dún mẹ́ta, lẹ́ńsì tó dáa á ṣì wà pẹ̀lú ẹ títí ọmọ ẹ á fi dàgbà. Ara kámẹ́rà tó o ní yẹn náà á gbà á."

"Èwo ni kí n wá?"

"Aláàádọ́jọ sí ẹgbẹ̀ta. Ó ń fà, ó ń sún, wàá lè kó o mọ́ra tí ẹyẹ bá sún mọ́ ẹ, wàá lè nà án tó bá jìnnà."

"Àmọ́ mo gbọ́ pé ti onírinwó tí kì í sún ló mọ́lẹ̀ jù."

"Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ojú ẹ̀ là dáadáa. Ṣùgbọ́n wàá ta ilé. Ẹlẹ́gbẹ̀ta á fẹ́ oòrùn, ní kùtùkùtù á máa ṣòkùnkùn sí ọ. Fara dà á. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ́ ra ìsopọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà kó lè gùn sí i. Á gùn, àmọ́ ojú ẹyẹ á fọ́."

Ó yá mi ní tiẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó wúwo débi pé ọrùn dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ ayọ̀ ò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Kó tó gbé e fún mi, ó mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Àwọn òpó iná tò lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ó ní, "Ya àwọn òpó yẹn láti ibí."

Mo yà á. Mo wò ó. Àwọn òpó tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì dáadáa wá fún mọ́ra bí ìgbálẹ̀.

"Ṣó o rí i?" Olúgbénga ní. "Tó o bá dúró lókèèrè, tó o wá fi lẹ́ńsì gígùn fà á, ohun tó wà níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn á lẹ̀ mọ́ra. Àlàfo á parẹ́. Fi í sọ́kàn o, kó má lọ tàn ọ́ jẹ."

Mo fi í sọ́kàn. Ẹ rántí pé mo fi í sọ́kàn.

Nígbà tí mo dá lẹ́ńsì yẹn padà, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n gé apá mi. Mò ń jẹun, lẹ́ńsì. Mò ń kírun, lẹ́ńsì, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bùnkátà ilé ò sì jẹ́ kí n lè rà á.

Ibẹ̀ ni Alhaji Taofeek ti wọlé. Àbúrò bàbá mi ni. Wọ́n fẹ́ lọ ṣe Úmúrà. Wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní, "Sódìq, kí ni kí n rà bọ̀ fún ọ? Má sọ pé jálàbíà o, o ti ní tó."

Mo fi ṣàwàdà. Mo ní, "Alhaji, tí ẹ bá rí lẹ́ńsì ẹlẹ́gbẹ̀ta níbẹ̀, ẹ gbé e bọ̀." Mo kọ orúkọ ẹ̀ sínú fóònù wọn.

Wọ́n gbé e bọ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tàwọn oníbàárà ń wò mí. Inú mi dùn débi pé mo fà wọ́n lọ sójú irin lọ́jọ́ náà gan-an, mo ya àwọn òpó, mo fi hàn wọ́n. "Ẹ wò ó, Alhaji, ẹ wo bó ṣe pa àlàfo rẹ́!"

Alhaji wo àwòrán náà pẹ́. Wọ́n ní, "Áà, Sódìq. Nǹkan ńlá lèyí o."

Èmi ni mo kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn, èmi ni.

Nínú oṣù Kẹfà, mo ya ohun tó dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi. Abo àparò kan àti ọmọ mẹ́fà ń la koríko kọjá lóko Màmá Hikmat. Mo kígbe tán kí n tó rántí pé ẹyẹ ń gbọ́. Olúgbénga àti ẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ, ń múra ìpàtẹ àwòrán sílẹ̀ nígbà yẹn. Mo fi í ránṣẹ́ sí i, mo kọ ọjọ́ àti ibi tí mo ti yà á sábẹ́ ẹ̀ bó ṣe ní ká máa ṣe, mo sì gbàgbé ẹ̀.

Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Alhaji dé.

"Lẹ́ńsì yẹn ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, Alhaji. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

"Àmín. Ó níbi tí mo fẹ́ kó bá mi wò." Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Ẹ̀gẹ́ obìnrin yẹn ti kọjá pèrègún."

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí: lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ààlà yẹn fẹ́ dìjà, làwọn àgbà ilé méjèèjì bá fẹnu kò, wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ẹni tó bá dáko kọjá pèrègún, apá ilẹ̀ ẹ̀ tó dojú kọ títì á bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Màmá tẹ̀ka sí i. Alhaji náà tẹ̀ka sí i. Gbogbo wa sì mọ̀ pé Alhaji ń wá ibi tí wọ́n máa fi ṣe ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, létí títì.

Mo ní, "Alhaji, kò kọjá o. Àlàfo wà níbẹ̀."

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n?"

"Rárá, àmọ́..."

"Àpáta kan wà lẹ́yìn oko ẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ dúró síbẹ̀, kó o ya oko náà, kó o fà á mọ́ra dáadáa. Mi ò ní kó o fi nǹkan kún un. Mi ò ní kó o yọ nǹkan kúrò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kó o yà."

Alhaji dìde, wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká. "Kámẹ́rà tí kò ní díńgí tó ò ń pariwo ẹ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ láti Jẹ́dà lóṣù tó ń bọ̀. A ó wò ó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò ó títí. Mo ní lọ́kàn mi pé Alhaji ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Mo ní àwòrán lásán ni. Mo ní àwọn àgbà ò ní torí àwòrán dájọ́. Ọ̀kánjúwà ló ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi sì ń dá a lóhùn.

Mo lọ sórí àpáta. Mo na lẹ́ńsì náà dé ẹgbẹ̀ta. Ẹ̀gẹ́ Màmá wà níwájú, koríko tẹ̀ lé e, pèrègún tẹ̀ lé koríko, lẹ́yìn pèrègún ni ẹ̀gẹ́ tàwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ tiwa. Nínú lẹ́ńsì, kò sí koríko. Ẹ̀gẹ́ níwájú, ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn, pèrègún há sáàárín wọn. Ẹni tó bá wò ó á ní oko kan ṣoṣo ni, tó ti gbé ààlà mì.

Mo gbójú kúrò lára kámẹ́rà. Màmá Hikmat wà lóko nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó rí mi. Ó juwọ́ sí mi.

Èmi náà juwọ́ sí i. Mo wá tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n pe ìpàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé ilé wa. Àwọn àgbà ilé ọkọ Màmá wà níbẹ̀. Mo ti tẹ àwòrán náà jáde ní ńlá. Alhaji gbé e kalẹ̀ bí ẹní gbé Kùránì kalẹ̀.

Baálé ní kí wọ́n rán ẹnì kan lọ wo oko náà. Òjò ti bá ọ̀nà jẹ́, ẹsẹ̀ sì ń dun bàbá.

Alhaji ní, "Bàbá, ẹni tí ẹ bá tún máa rán, ẹni yẹn ti lọ, ó ti dé. Sódìq nìyí. Màmá fúnra wọn ń pè é lọ́mọ. Tó bá máa gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ṣebí ẹ̀yìn tiwọn ni?"

Gbogbo ojú bọ́ sára mi. Màmá Hikmat ti gba àwòrán náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Oko mi kọ́ nìyí," ó ní. "Pèrègún yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gẹ́ yìí, èmi ni mo gbìn ín. Àmọ́ oko mi kọ́ nìyí." Ó kọjú sí mi. "Sódìq, ìwọ lo yà á. O mọ ibi tí koríko mi wà. Ọmọ mi, sọ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. "Àlàfo wà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaji ń wò mí. Lẹ́ńsì náà wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ mi.

Mo ní, "Màmá, bí kámẹ́rà ṣe rí i nìyẹn."

Òótọ́ ni mo sọ. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe ń kórìíra òótọ́ yẹn títí dòní.

Màmá ò jà. Kò bú mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan lójú mi, ó gbé àwòrán náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹnu àwọn àgbà ilé ọkọ ẹ̀ wọlẹ̀. Baálé ní kí ilẹ̀ etí títì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí.

Alhaji ò jẹ́ kílẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Katakata wọ oko lọ́jọ́ Sátidé. Ó tú ẹ̀gẹ́ tó wà létí títì, ó tú koríko, ó sì hú pèrègún gan-an dà nù, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ̀rọ̀ ààlà mọ́.

Sherifat gbọ́ ọ lọ́jà. Ó délé, kò bọ́ híjáàbù kó tó bi mí.

"Sódìq, wọ́n ní àwòrán ẹ ni wọ́n fi gba oko Màmá Hikmat. Ṣé lóòótọ́ ló kọjá pèrègún?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu lẹ́ńsì.

"Sódìq! O mọ̀ pé kò kọjá?"

"Mo mọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Màmá tó ń fi àgbàdo ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi. Torí irin gígùn kan! Dìde, kó o lọ sọ fún Baálé."

Mo ní mo máa lọ lọ́la. Ọ̀la dé, mo ní ó dọ̀la. Báyìí ni mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tan ara mi. Ìyàwó mi ò bá mi ṣàwàdà mọ́. Mi ò lè lọ sóko yẹn, mi ò sì rí ẹyẹ yà níbòmíràn, torí gbogbo ibi tí mo bá kọjú kámẹ́rà sí, ojú Màmá ni mò ń rí. Kámẹ́rà tí kò ní díńgí ò dé. Mi ò béèrè.

Ìgbà tó yá ni Olúgbénga pè mí. Ìpàtẹ ti dé, kí n wá. Ó ní òun fẹ́ bọlá fún obìnrin tó fún ẹyẹ níbi gbé, òun ti lọ fi ọkọ̀ gbé Màmá Hikmat. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ráyè, àmọ́ kí ni mo máa ní ó dé?

Gbọ̀ngàn pólì kún. Wọ́n gbé àwòrán mi sójú ògiri níwájú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi bí ilẹ̀kùn. Àparò àti ọmọ mẹ́fà. Mo ti ń wo ẹyẹ láti ọjọ́ yìí wá, mi ò wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni mo ti yà á, kì í ṣe orí àpáta. Ẹ̀gẹ́ wà lápá òsì, pèrègún wà lápá ọ̀tún. Koríko tẹ́ lọ salalu láàárín méjèèjì.

Màmá Hikmat dúró níwájú ẹ̀. Kò mọ ìwé kà. Ó tọ́ka sí ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀.

"Tíṣà, kí ni wọ́n kọ síbí?"

Olúgbénga ò mọ nǹkan kan. Ó fi ohùn gooro kà á. "'Àparò àti àwọn ọmọ ẹ̀, nínú koríko tó wà láàárín oko ẹ̀gẹ́ Màmá Hikmat àti pèrègún ààlà. Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà. Sódìq ló yà á.'"

Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi fúnra mi, nígbà tí ọkàn mi ṣì mọ́.

"Ẹ bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kà á. Màmá ń fi orí ka ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n pè é sípàdé. Ó yíjú wò mí láàárín èrò, mo wolẹ̀.

"O rí i," ó ní. Kò pariwo, àmọ́ gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. "O rí koríko mi, o kọ ọ́ sílẹ̀, o wá sọ níwájú àwọn àgbà pé bí kámẹ́rà ṣe rí i nìyẹn."

Olúgbénga wò mí. Mo rí i tó yé e. Ọkùnrin tó mú mi lọ sójú irin, ó yé e kíákíá. "Sódìq, kí lo lo lẹ́ńsì yẹn fún?"

Mo fà sẹ́yìn wọ àárín èrò.

Màmá ní kí wọ́n bá òun sọ àwòrán náà kalẹ̀. Kò dúró gba ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó gun ọ̀kadà, ó dì í mú níwájú àyà, àwòrán tó tóbi bí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń fẹ́ gbé e lọ. Èmi náà gun ọ̀kadà tẹ̀ lé e, mò ń sunkún lẹ́yìn ọlọ́kadà bí ọmọdé. Ọlọ́kadà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?" Mo ní kó sá máa lọ.

Níwájú Baálé, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Mi ò dúró kí wọ́n bi mí. Mo sọ ti àpáta, mo sọ ti òpó iná, mo sọ ti Alhaji. Baálé ránṣẹ́ pe Alhaji, ó ránṣẹ́ sílé ọkọ Màmá. Ó ní ẹsẹ̀ dídùn ò kan òun mọ́, kí wọ́n gbé òun lọ sóko.

Olúgbénga ti fi ọkọ̀ ẹ̀ tẹ̀ lé wa dé, òun la fi gbé wọn lọ. Nígbà tá a débẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí koríko, kò sí pèrègún, kò sí àparò.

Alhaji ní, "Ó dáa, ká ní mo ṣì í. Ta ló wá mọ ibi tí ààlà wà báyìí?"

Baálé kọjú sí mi. "Ìwọ tó ti ń jókòó níbí láti ọdún mẹ́rin. Láti ibi ẹ̀gẹ́ dé pèrègún, ìṣísẹ̀ mélòó ni?"

Mo yọ fóònù. Àwòrán oko yẹn tó wà níbẹ̀ lé nígba. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì. Gbogbo ẹ̀ ni mo yà látòkèèrè. Kò sí èyí tó lè sọ ìṣísẹ̀ kan fún mi.

"Bàbá, mi ò mọ̀. Mi ò fẹsẹ̀ rìn ín rí."

"Ọdún mẹ́rin!" Baálé mi orí. Ó dùn mí ju kó gbá mi létí lọ.

Màmá bọ́ bàtà. Ó lọ sídìí igi mángòrò kan ní ìkángun ẹ̀gẹ́ ẹ̀, níbi tí katakata ò dé, ó kọjú sápá ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹnu ẹ̀ ń mì bó ṣe ń ka á. Ó dúró. "Ibí ni."

Baálé ní kí wọ́n fi àdá wa ibẹ̀. Kò tíì jìn tí wọ́n fi kan gbòǹgbò pèrègún, tútù, tí irin katakata gé. Alhaji ṣí fìlà.

Ìdájọ́ ò pẹ́. Ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ Màmá. Baálé ní kí Alhaji fọwọ́ ara wọn gbin pèrègún padà, a sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbìn ín. Bá a ṣe ń padà, wọ́n fa etí mi sún mọ́ ẹnu wọn. "Gbé lẹ́ńsì mi wá." Mo gbé e lọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀gẹ́ ò padà. Ọdún kan àbọ̀ ló ti wà nílẹ̀, ó ku díẹ̀ kó gbó. Ká tó kúrò lóko lọ́jọ́ náà, Màmá dúró láàárín ibi tí wọ́n ti tú u, ó ń ṣa igi ẹ̀ jọ. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Ọlọ́run náà ń dárí jì mí. Àmọ́ mi ò gbà ọ́ gbọ́ mọ́." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Ṣé ọkọ́ wà nílé ẹ?"

"Ó wà."

"Gbé e wá lọ́la. Fi kámẹ́rà sílé."

Oṣù kejì tí mo ti ń kọ ebè fún un nìyí. Ọwọ́ mi ti bó, ó ti yi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bóyá ẹ ò ní kámẹ́rà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní nǹkan kan lọ́wọ́ táwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ gbà yín gbọ́: bírò, òǹtẹ̀, tàbí ẹnu lásán. Ẹ má fi òótọ́ tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò pé lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ilẹ̀ ẹ̀. Irọ́ ì bá sàn, torí wọ́n lè já irọ́.

Màmá máa ń wá lójoojúmọ́. Ó máa ń dúró sórí ebè tó kángun sí òpin oko lọ́hùn-ún, á máa wò mí títí iṣẹ́ á fi parí. Mo máa ń kí i, á jẹ́ mi. Kò tíì pè mí lọ́mọ. Kò tíì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń dùn mí gan-an, mo sì mọ̀ pé mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó sún mọ́ mi.